Láti Kọ́lẹ́ẹ̀jì dé NBA: Ìtọ́sọ́nà fún Ìràwọ̀ Bọ́ọ̀lù Alájùsáwọ̀n àti Àwọn Òbí Rẹ̀

Lọ́dún 2021, Luka Garza ti Yunifásítì Iowa ni wọ́n dá lọ́lá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n gbá jù lọ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó ga jù ní Amẹ́ríkà, jókòó láti yan ọmọ tuntun (draft ni wọ́n ń pe ètò yìí) lóṣù keje ọdún náà, orúkọ 51 ni wọ́n pè kí wọ́n tó pe tirẹ̀. Ayọ̀ Dósùnmú, ọmọ Yorùbá láti Chicago, wà lára àwọn márùn-ún tí wọ́n kà sí òkè téńté ní sáà kan náà, àmì 20 ló sì ń jẹ nínú eré kọ̀ọ̀kan fún Illinois. Ipò 38 ni wọ́n ti mú un. Oscar Tshiebwe ti Kentucky gba irú oyè tí Garza gbà ní 2022, síbẹ̀ wọn kò pe orúkọ rẹ̀ rárá nígbà tó dé ibi draft ní 2023.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ bọ́ọ̀lù gbá dáadáa. Àmọ́ ohun tó ń sọ ọmọ di ìràwọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àti ohun tí NBA ń sanwó fún yàtọ̀ síra. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọwọ́ rẹ ni bọ́ọ̀lù máa ń wà. Ní NBA, àwọn méjì tàbí mẹ́ta tí owó ẹgbẹ́ pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn ló ni bọ́ọ̀lù. Ìwọ yóò wọlé fún ìṣẹ́jú 10 tàbí 12, wàá ṣe iṣẹ́ kan tí àwọn yẹn kò ráyè ṣe, wàá sì jáde. Dídí alátakò lọ́nà ni Dósùnmú fi rí àyè nínú Chicago Bulls nígbà tí àwọn tó wà ní ipò rẹ̀ farapa. Ní 2022 wọ́n kà á mọ́ àwọn ọmọ tuntun tó tayọ, ní 2023 ó sì tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún mẹ́ta tó jẹ́ mílíọ̀nù 21 dọ́là. Bí ọmọ bá mọ iṣẹ́ kan yẹn, tí ó sì mọ àwọn ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá lórí rẹ̀, ó ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà níkàáwọ́ ara rẹ̀.

1. Mọ ibi tí òfin fi ọ́ sí

O gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 19 láàárín ọdún tí draft bọ́ sí. Kò di dandan kí o ti pé e lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ ọdún 18 ni Cooper Flagg ti Duke nígbà tí Dallas Mavericks fi í ṣe ẹni àkọ́kọ́ lóṣù kẹfà 2025, nítorí pé oṣù kejìlá ọdún yẹn ni yóò pé 19. Òfin kejì ni pé sáà NBA kan gbọ́dọ̀ ti kọjá lẹ́yìn tí kíláàsì rẹ jáde girama. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń lo ọdún kan péré ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, bí Bam Adébáyọ̀ ti ṣe ní Kentucky kí Miami Heat tó mú un ní ipò 14 lọ́dún 2017.

Bí ọmọ Nàìjíríà bá ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà, òfin tó de àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ló de òun náà. Bí ọdún mẹ́rin rẹ bá ti pé, orúkọ rẹ wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé o kọ nǹkan kan. Bí kò bá tíì pé, ìwọ fúnra rẹ ni yóò kọ lẹ́tà sí NBA, ó pẹ́ tán, nígbà tí draft bá ku ọjọ́ 60. Kóòṣì kò lè kọ ọ́ fún ọ, ìfitónilétí tí o gbé sórí Instagram kò sì jẹ́ lẹ́tà.

Ti àwọn obìnrin yàtọ̀ púpọ̀. Oṣù kẹrin ni draft WNBA máa ń wáyé, kété tí ìdíje kọ́lẹ́ẹ̀jì bá parí, àwọn tó sì lè wọ̀ ọ́ ni àwọn tí yóò pé ọdún 22 láàárín ọdún yẹn tàbí tó ti gboyè jáde. Nítorí náà ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ló máa ń parí ẹ̀kọ́ wọn. Ọ̀nà àwọn ọkùnrin ni ìtọ́sọ́nà yìí ń tẹ̀ lé láti ibí lọ.

2. Mú iṣẹ́ kan, kí o mọ̀ ọ́n tán

Bí sáà bá ti parí, jókòó ti kóòṣì rẹ kí o bi í léèrè pé: ká ní èmi ni ẹni kẹsàn-án nínú ẹgbẹ́ NBA, kí ni wọn yóò máa torí ẹ̀ pè mí dìde lórí bẹ́ǹṣì? Gbólóhùn kan ni kí ìdáhùn náà jẹ́. Bí ọmọ bá ga tó mítà méjì, ó lè jẹ́ pé kí ó dí ẹni tó ń jẹ àmì jù lára alátakò lọ́nà, kí ó sì ju bọ́ọ̀lù mẹ́ta (ìjù láti ọ̀nà jíjìn tó ń mú àmì mẹ́ta wá) wọlé láti igun. Bí ó bá jẹ́ ọ̀gá abẹ́ àwọ̀n, kí ó dínà fún elégbẹ́ rẹ̀, kí ó sáré lọ sábẹ́ àwọ̀n, kí ó sì gba gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá ta padà. Bí ó bá kúrú, kí ó lè gbé bọ́ọ̀lù kọjá àárín pápá láìsọ ọ́ nù nígbà tí wọ́n bá ń lé e. Bí ìdáhùn kóòṣì bá gba ìpínrọ̀ mẹ́ta, kò sí ìdáhùn níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, pápá tí o fẹ́ lọ gbá ni kí o fi dánra wò, torí ó yàtọ̀ sí èyí tí o ti mọ́ra. Ìlà bọ́ọ̀lù mẹ́ta àwọn ọkùnrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì jẹ́ mítà 6.75. Ti NBA jẹ́ mítà 7.24 ní iwájú, ṣùgbọ́n 6.71 péré ni ní igun méjèèjì. Nítorí náà igun ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọn yóò sì gbé ẹni tuntun sí. Àyè tí wọ́n fi ọ̀dà yí ká lábẹ́ àwọ̀n fẹ̀ tó mítà 4.88 ní NBA, 3.66 ni ti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹni tó máa ń fi ẹ̀yìn ti alátakò títí tí yóò fi dé abẹ́ àwọ̀n yóò rí i pé ó ku ìgbésẹ̀ kan kí òun tó débẹ̀. Aago ìjùsáwọ̀n jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 24, kì í ṣe 30 mọ́. Ẹni tí kò tíì pinnu ohun tó fẹ́ ṣe kí bọ́ọ̀lù tó dọ́wọ́ rẹ̀ ti pẹ́.

Ìdánrawò tó ń fi òótọ́ hàn rèé: yan ibi márùn-ún lẹ́yìn ìlà NBA, igun méjì, ẹ̀gbẹ́ méjì àti iwájú. Níbi kọ̀ọ̀kan, má kúrò títí bọ́ọ̀lù 60 yóò fi wọlé, kí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 300. Kọ iye tí o jù kí 300 tó pé sílẹ̀ sínú ìwé. Bí ó bá ju 500 lọ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ, ìjù rẹ kò tíì tó ohun tí o lè fi wá iṣẹ́. Láàárín ibi kan àti èkejì, sáré lọ sí òpin pápá kí o padà, kí o wá ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ (irú èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí alátakò ṣẹ̀) 10. Má ṣe fojú kéré bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ wọ̀nyí. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù máa ń wò láti mọ̀ bóyá ọwọ́ ọmọ ṣì lè tọ́. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí mẹ́fà péré ń wọlé nínú mẹ́wàá, tó wá ń ṣèlérí pé òun yóò di ọ̀gá lẹ́yìn ìlà mẹ́ta lọ́dún tó ń bọ̀, kò ní rẹ́ni gbà á gbọ́.

Ohun tó máa ń ba àkókò yìí jẹ́ jù ni ìwọ̀n ara. Ọmọ á gbọ́ pé òun tín-ín-rín, á wá fi kìlógíráàmù méje tàbí mẹ́jọ kún ara láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ara tuntun náà á wúwo jù fún orúnkún, kò ní lè fò bíi ti tẹ́lẹ̀, iye fífò rẹ̀ tó lọ sílẹ̀ ni wọn yóò sì kọ sílẹ̀ ní Chicago, níbi tí NBA ti ń yẹ àwọn ọmọ wò ṣáájú draft. Kìlógíráàmù méjì tó jẹ́ iṣan sàn ju mẹ́jọ lọ.

3. Aṣojú

Lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yin òbí, ẹ fara balẹ̀. Bí ọmọ bá ti ń jẹ àmì 18 nínú eré kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: bọ̀ọ̀dá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù ní kékeré, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́. Àwọn kan nínú wọn ń gba owó lábẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ aṣojú láti fa ọmọ wá. Ìbéèrè àkọ́kọ́ fún ẹnikẹ́ni ni pé: ṣé ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù NBA, ìyẹn NBPA, ti fún ọ ní ìwé àṣẹ? Ẹni tí kò bá ní in kò lè bá ẹgbẹ́ NBA kankan sọ̀rọ̀ owó lórúkọ rẹ. Ìbéèrè kejì, fún ẹni tó ṣì lè padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì: ṣé NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì, náà ti fún ọ ní tiwọn?

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ tóbi. Láti 2018, ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá ti ní kí ìgbìmọ̀ NBA yẹ òun wò lè gba aṣojú tí NCAA fọwọ́ sí, pẹ̀lú àdéhùn tí a kọ sílẹ̀. Aṣojú náà lè san owó ọkọ̀, oúnjẹ àti ilé nígbà tí ọmọ bá ń lọ ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́. Bí ọmọ bá padà sílé ẹ̀kọ́, àdéhùn náà gbọ́dọ̀ parí. Bí ó bá tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ẹni tí NCAA kò mọ̀, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn kọ́lẹ́ẹ̀jì, kódà bí kò bá gba kọ́bọ̀.

Ní ti owó, aṣojú kò gbọ́dọ̀ gbà ju ìdá 4 nínú 100 lọ lórí àdéhùn NBA. Bó bá jẹ́ owó tó kéré jù tí òfin NBA gbà ni wọ́n fún ọ, ìdá 2 ni òpin. Àwọn ìpolówó bàtà àti ohun mímu wà lórí ìwé ọ̀tọ̀, èyí tó le jù ú lọ. Ìdá 15 sí 20 wọ́pọ̀ níbẹ̀. Má ṣe tọwọ́ bọ ìwé méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Wo ibi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ nípa owó ìdánrawò ṣáájú draft: ilé gbígbé, olùkọ́, oúnjẹ, oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn aṣojú kan ń san án gẹ́gẹ́ bí ìnáwó tiwọn, àwọn mìíràn kọ ọ́ bíi gbèsè tí wàá san padà bí o bá lé wọn. Ní kí agbẹjọ́rò tí kì í ṣe tiwọn ka gbólóhùn yẹn fún ọ.

Bi í pẹ̀lú pé, nínú àwọn tí wọn kò pè lọ́jọ́ draft lára àwọn tó ń ṣojú fún, níbo ni wọ́n wà nísinsìnyí? Aṣojú tó bá ní orúkọ ńlá mẹ́ta, tí kò sì rántí ibi tí àwọn yòókù wà, kò ní rántí ìwọ náà.

4. Fi orúkọ sílẹ̀, kí o má sì ti ilẹ̀kùn

Ọdọọdún ni àwọn ọjọ́ wọ̀nyí ń yí padà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra ní 2025 yóò yé ọ. Ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ni àyè láti kéde pé o fẹ́ kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lọ sí òmíràn parí. Ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ni gbèdéke lẹ́tà sí NBA. Àárín oṣù karùn-ún ni àyẹ̀wò ní Chicago. Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ni NCAA fún ẹni tó bá fẹ́ yọ orúkọ rẹ̀ kó sì padà sílé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ni gbèdéke ti NBA fúnra rẹ̀, tó máa ń jẹ́ ọjọ́ 10 ṣáájú draft. Ọjọ́ 25 àti 26 oṣù kẹfà ni draft.

Ibi méjì ni àwọn ọmọ ti máa ń ṣubú níbẹ̀. Àkọ́kọ́, wọ́n á rò pé ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ni òpin, nígbà tí ti NCAA ti kọjá ní ọ̀sẹ̀ méjì lé. Ẹni tó bá yọ orúkọ rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjèèjì ti bọ́ lọ́wọ́ draft, kò sì lè padà gbá fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. Èkejì, wọ́n á gbàgbé pé àyè ìpààrọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ti máa ń tì kí Chicago tó bẹ̀rẹ̀. Bí o bá mọ̀ pé, ká ní NBA kò bọ́ sí i, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lo fẹ́ lọ, fi orúkọ sínú ìwé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kọ̀wé béèrè èsì lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ NBA tó ń yẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò. Wọn yóò sọ ibi tí wọ́n rò pé wọ́n lè ti mú ọ: láàárín 14 àkọ́kọ́, ìpele kìíní, ìpele kejì, tàbí kí wọ́n má mú ọ rárá. Èsì yìí kò dára létí, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ọ́ kò ní èrè kankan nínú kí wọ́n tàn ọ́.

5. Chicago

Nǹkan bí 75 ni wọ́n ń pè. Láti ìgbà tí àdéhùn tuntun àárín NBA àti àwọn agbábọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀ ní 2023, ẹni tí wọ́n bá pè gbọ́dọ̀ lọ, kí ó sì jẹ́ kí dókítà yẹ òun wò. Ẹni tó bá kọ̀ láìnídìí tí wọ́n gbà kò ní lè wọ draft.

Wọn yóò wọn gíga rẹ láìwọ bàtà, ìwọ̀n ara rẹ, bí apá méjèèjì ṣe gùn tó bí o bá nà wọ́n, ibi tí ọwọ́ rẹ dé bí o bá gbé e sókè láìfò, àti bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ ṣe gùn tó, bó ṣe fẹ̀ tó. Lẹ́yìn náà wàá fò lórí ìdúró, wàá sáré kí o tó fò, wàá sáré ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin pápá, wàá sì sáré yí àyè abẹ́ àwọ̀n ká síwájú, sẹ́yìn àti sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní kí wọ́n wọn ọ́ láìwọ bàtà nílé kí o tó lọ. Bí ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ bá fi íǹṣì kún gíga rẹ, Chicago ni àṣírí yóò ti tú, wọn yóò sì máa bi ara wọn pé kí ni nǹkan mìíràn tí kò rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò máa ń wúwo ju bí àwọn ọmọ ṣe rò lọ. Nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí ni pẹ̀lú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè fi fídíò eré tí o ti ṣe àṣìṣe hàn ọ́, kí wọ́n ní kí o ṣàlàyé. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó yẹ kí o ṣe, kí o sì dákẹ́. Ẹni tó bá di ẹ̀bi ru elégbẹ́ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ tó pọ̀ nípa ara rẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa ìfarapa àtijọ́, má ṣe fi pa mọ́. Ìwé dókítà wà níwájú wọn. OG Anunoby ti Indiana farapa ní orúnkún lóṣù kìíní 2017, tí kò sì gbá mọ́ ní sáà yẹn, síbẹ̀ Toronto mú un ní ipò 23.

Bí o bá ti parí ọdún mẹ́rin tí wọn kò sì pè ọ́ sí Chicago, ìdíje tó máa ń wáyé ní Portsmouth, ní Virginia, lóṣù kẹrin, ni kí o lépa. Agbábọ́ọ̀lù 64 tó ti parí kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń gbá níbẹ̀, àwọn tó wá láti Yúróòpù láti wá ẹni tí wọn yóò gbà sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Má ṣe rò pé kò yẹ ọ́.

6. Ṣé kí o dúró nínú draft ni àbí kí o padà?

Ìṣirò yìí ti yí padà pátápátá. Láti oṣù keje 2021 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lè gba owó lórí orúkọ àti àwòrán wọn, láti oṣù keje 2025 sì ni ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ti lè san owó fún wọn, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òpin mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún gbogbo eré ìdárayá nínú ọdún kan. Nítorí náà, àwọn tó kọ lẹ́tà sí NBA ṣáájú àkókò wọn jẹ́ 353 ní 2021, 106 péré ni wọ́n ní 2025. Ìràwọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ńlá lè rí owó níbẹ̀ tó ju èyí tí ìpele kejì NBA yóò fún un.

Èrò wa rèé. Bí ìgbìmọ̀, aṣojú àti ẹgbẹ́ mẹ́ta ó kéré tán bá ní ìpele kìíní ni wàá bọ́ sí, dúró. Bí wọ́n bá ní ìpele kejì, tí o ṣì ní ọdún kan tàbí méjì, padà, bí kò bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan ti ṣèlérí owó tó dájú fún aṣojú rẹ. Zach Edey yọ orúkọ rẹ̀ ní 2023, ó padà sí Purdue, Memphis sì mú un ní ipò 9 lọ́dún kejì. Ṣùgbọ́n kí o ní ohun tí o fẹ́ tún ṣe: ẹni tó padà tó sì gbá bọ́ọ̀lù kan náà gẹ́lẹ́ yóò kàn dàgbà sí i ni, àwọn ẹgbẹ́ sì máa ń fẹ́ràn ọmọ ọdún 19 ju ọmọ ọdún 22 lọ bí wọ́n bá rí bákan náà.

Ọmọ tó wá láti Nàìjíríà pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, kò gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò yìí bíi ti ọmọ Amẹ́ríkà. Físà náà kò fàyè gba iṣẹ́ òde lásán, owó orúkọ àti àwòrán sì lè di iṣẹ́ lójú òfin bí o bá ń ya àwòrán ìpolówó tàbí tí o ń bá àwọn oníbàárà pàdé lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Físà yìí ló jẹ́ kí Tshiebwe, ọmọ Kóńgò, ṣe ìpolówó tirẹ̀ ní Bahamas nígbà tí Kentucky lọ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ní 2022. Agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú ni kí o bá sọ̀rọ̀ kí o tó gba kọ́bọ̀. Ọ́fíìsì eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ rẹ kò tó fún èyí, torí bí físà bá bàjẹ́, NBA náà yóò nira.

7. Alẹ́ draft, àti ohun tí ipò kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí ní owó

Ìpele méjì ni draft, ẹgbẹ́ 30, orúkọ 60 bí wọn kò bá gba ipò kankan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó rú òfin. Àárín 30 àti 31 ni ògiri wà.

Ẹni tó bá bọ́ sí ìpele kìíní ń gba àdéhùn ọdún mẹ́rin: owó ọdún méjì àkọ́kọ́ dájú, ẹgbẹ́ ló sì ni àṣẹ lórí ọdún kẹta àti ẹ̀kẹrin. Iye owó wà nínú tábìlì tí òfin kọ sílẹ̀. Wọ́n lè san ìdá 80 sí 120 nínú 100 rẹ̀, 120 sì ni wọ́n sábà máa ń san. Ipò 1 ti ọdún 2025 gba nǹkan bí mílíọ̀nù 13.8 dọ́là fún ọdún àkọ́kọ́.

Ní ìpele kejì, kò sí tábìlì, kò sì sí owó tó dájú àfi èyí tí aṣojú bá jà fún. Ó lè jẹ́ àdéhùn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin gidi, ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní two-way. Ní two-way, o jẹ́ ti ẹgbẹ́ NBA àti ti ẹgbẹ́ kékeré rẹ̀ nínú G League, líìgì kékeré tí NBA fi ń tọ́ agbábọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àyè mẹ́ta fún un. O kò lè wà nínú àwọn tí yóò gbá fún NBA ju eré 50 lọ, o kò sì lè gbá nígbà ìdíje àṣekágbá àyàfi bí wọ́n bá yí àdéhùn rẹ padà. Owó rẹ̀ ní sáà 2025–26 jẹ́ dọ́là 636,435, ìdajì ohun tí ọmọ tuntun tó kéré jù ń gbà.

Nítorí náà ni aṣojú tó mọṣẹ́ fi lè bẹ ẹgbẹ́ kan pé kí wọ́n má pe ọmọ òun. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní ipò 50, ẹgbẹ́ yẹn nìkan ló ni ọ́, kódà bí wọ́n bá ti ní ẹni mẹ́rin ní ipò rẹ. Bí wọn kò bá pè ọ́, ìwọ ni yóò yan. Austin Reaves ti Oklahoma kọ ipò 42 ní 2021, ó lọ gba two-way lọ́dọ̀ Los Angeles Lakers tí àyè wà, ní 2023 ó sì gba àdéhùn tó ju mílíọ̀nù 50 dọ́là lọ. Fred VanVleet ti Wichita State kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní 2016. Ó gba ife NBA pẹ̀lú Toronto ní 2019.

Kí ìwọ àti aṣojú rẹ ti ní ìwé kan lọ́wọ́ kí alẹ́ ọjọ́ náà tó dé: ẹgbẹ́ mélòó ni kò ní ju ẹni méjì lọ ní ipò mi? Nínú wọn, èwo ni G League rẹ̀ wà nítòsí? Kóòṣì wo ló máa ń lo ọmọ tuntun? Ìpè fóònù máa ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó parí ìpele kejì, o sì lè ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré láti dáhùn.

Bí kò bá sí two-way, Exhibit 10 ló kàn. Àdéhùn láti wá sí ìpàgọ́ ni, kò dájú rárá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ ọ́, tí o sì lọ lo ọjọ́ 60 pẹ̀lú G League wọn, wọn yóò fún ọ ní àjẹmọ́nú tó lè tó dọ́là 85,300 ní sáà 2025–26. Owó G League fúnra rẹ̀ kò tó 50,000 dọ́là fún sáà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń pèsè ilé. Àjẹmọ́nú yẹn ló ń jẹ́ kí ọdún àkọ́kọ́ ṣeé fara dà.

8. Oṣù keje sí oṣù kìíní

Níbi Summer League, ìdíje NBA fún àwọn ọmọ tuntun tó máa ń wáyé ní Las Vegas lóṣù keje, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá eré márùn-ún ó kéré tán. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ ni pé ọmọ á fẹ́ padà di ìràwọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, á ju bọ́ọ̀lù 18 nínú eré kan. Àwọn ọ̀gá tó jókòó lórí àga ti mọ̀ pé o lè jù ú. Wọ́n ń wo bóyá o mọ ibi tó yẹ kí o dúró nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lọ́wọ́ rẹ, bóyá o ń sọ̀rọ̀ jáde nígbà ìdènà, àti bóyá o sáré padà lẹ́yìn tí o bá kùnà.

Ìpàgọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹsàn-án pẹ̀lú ẹni 21, kí ó tó dín sí 15 àti àwọn mẹ́ta two-way. Bí àdéhùn rẹ kò bá dájú, ọjọ́ 10 oṣù kìíní ni kí o máa ka ọjọ́ sí: láti ọjọ́ yẹn ni owó sáà yóò dájú fún ẹni tó ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n máa ń yọ èèyàn. Má ṣe gba ilé ọdún kan ṣáájú rẹ̀.

Nínú 100 dọ́là tí wọ́n kọ sórí ìwé, ìjọba àpapọ̀ lè mú tó 37 nínú èyí tó wà lókè, àwọn ìpínlẹ̀ tí o ti gbá bọ́ọ̀lù yóò mú tiwọn, NBA á di 10 mú, aṣojú á mú tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹbí mọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó ra ilẹ̀ ní Lẹ́kkí.

9. Bí ó bá jẹ́ òkè òkun

Ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò jẹun lórí bọ́ọ̀lù ní Sípéènì, Tọ́kì, Jámánì, Ísírẹ́lì, Jàpáàn tàbí Australia, kì í sì í ṣe ìjákulẹ̀. Wo ìwé àdéhùn níbẹ̀ dáadáa. Ní Yúróòpù, owó tí wọ́n kọ sábà máa ń jẹ́ èyí tó wọ àpò rẹ lẹ́yìn owó orí. Rí i pé wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé, ọkọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú àlọ àtàbọ̀ àti owó ìwòsàn gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Kí ó ní ọjọ́ tí owó oṣù ń wọlé, àti iye ọjọ́ tí o lè fara dà kí o tó lè kúrò bí wọn kò bá san án. Yẹra fún gbólóhùn tó ní ẹgbẹ́ lè dá ọ padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ìdánwò láìsí owó. Àyẹ̀wò dókítà nìkan, láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí o bá dé, ló tọ́ kí ó lè ba àdéhùn jẹ́. Aṣojú níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ FIBA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lágbàáyé, ẹgbẹ́ ló sì sábà máa ń san owó rẹ̀, nǹkan bí ìdá 10.

Gbólóhùn kan tí o kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé láìsí ni èyí tó gbé èdè àìyedè lọ sí ilé ẹjọ́ ìlàjà bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti FIBA, BAT. Bí ẹgbẹ́ bá jẹ ọ́ ní owó, tí BAT dá ọ láre, tí wọn kò sì san án, FIBA lè dí wọn lọ́wọ́ láti forúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀. Bí gbólóhùn náà kò bá sí, ilé ẹjọ́ ìlú wọn lo máa lọ, ní èdè wọn.

Páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà níye lórí níbí. Àdéhùn tí Yúróòpù bá àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní Kùtọnu lọ́dún 2000 ló jẹ́ kí líìgì Sípéènì yọ ọmọ irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ kúrò nínú iye àjèjì tí ẹgbẹ́ lè ní. Ọmọ Amẹ́ríkà tí òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó sì ní páàsípọ́ọ̀tù méjèèjì, lè gba àyè tí ọmọ Amẹ́ríkà lásán kò lè gbà. Kí aṣojú ka òfin líìgì náà fún sáà yẹn gan-an. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ṣì kéré, ẹ gba páàsípọ́ọ̀tù náà kí ó tó pé ọdún 16. Lẹ́yìn ọdún 16, FIBA yóò kà á sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ orílẹ̀-èdè, ẹnì kan ṣoṣo irú bẹ́ẹ̀ ló sì lè wà nínú D'Tigers nígbà kan náà, kódà bó bá jẹ́ pé Abẹ́òkúta ni wọ́n bí ìyá àti bàbá rẹ̀ sí.